Oko Ẹ̀fọ́ Àwọn Ìdílé Tó Ti Àjàṣẹ́ Wá sí Àgbádárìgì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìdílé wo gan-an là ń sọ̀rọ̀ wọn?

Àwọn ìdílé tí bàbá tàbí bàbá-ńlá wọn ti apá Àjàṣẹ́, tí ìwé ń pè ní Porto-Novo, wá sí Àgbádárìgì ni. Wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀, wọ́n fi ń gbin ẹ̀fọ́, àwọn obìnrin ilé sì ń gbé e lọ sójà. Ní ọ̀pọ̀ irú oko bẹ́ẹ̀ lónìí, ọmọ ọmọ ẹni tó kọ́kọ́ fi ọkọ́ kan ilẹ̀ ló ń ṣe é. Ohun tó wà níbí á wúlò fún Ìlàjẹ, Hausa àti àlejò yòówù tó ń dáko nílẹ̀ yìí, nítorí abẹ́ irú àdéhùn kan náà ni gbogbo wọn wà.

Ègùn ni onílẹ̀, Ègùn ni àgbẹ̀. Báwo ló ṣe wá di àlejò?

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Àgbádárìgì fúnra rẹ̀, ìlú àdúgbò mẹ́jọ ni, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó ló sì jẹ́ ẹni tí ogun Dàhọ̀mì lé kúrò níbòmíràn. Wọ́n jọ ń sọ Ègùn pẹ̀lú ará Àjàṣẹ́, wọ́n jọ ń fẹ́ra, wọ́n jọ ní Zangbeto, eégún tó ń ṣọ́ ìlú lóru. Gẹ̀ẹ́sì gba Àgbádárìgì ní 1863. Nígbà tó di ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó, wọ́n fa ààlà. Ẹ̀gbọ́n bá ara rẹ̀ lábẹ́ Faransé, àbúrò bá ara rẹ̀ lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sẹ́ni tó kúrò lójú kan nínú wọn.

Ṣùgbọ́n lójú àṣà, ẹni tí kì í bá ti í ṣe ọmọ ẹbí tó ni ilẹ̀, àlejò ni lórí ilẹ̀ náà, ì báà jẹ́ àdúgbò kejì ló ti wá. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe èébú rárá. Ó dùn wá pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń gbà á bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó bá ń tijú pé wọ́n pe òun ní àlejò ló máa ń sọ gbólóhùn tó ń gba oko lọ́wọ́ ìdílé rẹ̀. Gbólóhùn náà wà nísàlẹ̀.

Kí ló dé tó jẹ́ ẹ̀fọ́ ni wọ́n gbájú mọ́, nígbà tí Àgbádárìgì jẹ́ ìlú àgbọn?

Igi ni àgbọn. Àlejò tó bá gbin igi tó ń so, bí ẹni ń sọ pé ilẹ̀ ti di tòun ni, nítorí igi a máa pẹ́ láyé ju ẹni tó gbìn ín lọ. Ìdí nìyẹn tí onílẹ̀ fi máa ń gbà kí àlejò gbin ẹ̀fọ́, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, tí á sì yọ àgbọn, ọ̀pẹ àti obì sílẹ̀. Àgbọn gíga á lò tó ọdún mẹ́fà sí méje kó tó so. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ á ti di owó láàárín ọjọ́ 21 sí 30.

Bí onílẹ̀ bá yọ̀ǹda àgbọn fún yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: iye igi, ẹni tó ni èso, ẹni tí igi á kàn lẹ́yìn ikú ẹni tó gbìn ín. Ẹ fi nǹkan bíi mítà 8 sáàárín igi kan sí èkejì. Ẹ̀fọ́ á ṣì ṣe dáadáa láàárín wọn fún ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. Bí ibòji bá ti wá bo ilẹ̀ tán, ẹ gbin wọ́rọ̀wọ́; ó fẹ́ràn abẹ́ igi.

Kí ni ìṣákọ́lẹ̀, èló sì ni?

Kì í ṣe owó háyà. Ohun tí àlejò ń mú wá lọ́dọọdún ni láti fi jẹ́wọ́ pé "ẹ̀yin lẹ nilẹ̀." Látijọ́, apá kan irè oko ni, pẹ̀lú obì àti ọtí. Lónìí owó ló pọ̀ jù, ọ̀pọ̀ ẹbí ṣì ń fẹ́ obì àti ọtí mọ́ ọn. Kò sí iye tí òfin là kalẹ̀. Ohun tí ẹ bá bá olórí ẹbí ṣe àdéhùn lé lórí ni.

Àlejò tó bá ń ṣe ojúṣe rẹ̀, onílẹ̀ kò lè ṣàdédé ní kó dìde. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ á bọ́ sọ́wọ́ ọmọ, á tún bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ọmọ. Ohun mẹ́ta ló ń bà á jẹ́: kí ó tà tàbí kí ó gé lára ilẹ̀ fún ẹlòmíràn láìgbàṣẹ, kí ó sọ oko di ohun tí kò sí nínú àdéhùn, bíi ibùdó tí wọ́n ti ń gún búlọ́ọ̀kù, àti kí ó sọ pé onílẹ̀ kọ́ ló nilẹ̀. Ẹ̀kẹta yìí ló burú jù. Gbèsè ìṣákọ́lẹ̀ ọdún kan sí méjì, ẹ̀bẹ̀ sábà máa ń tán an. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá dìde ní kóòtù tó ní "ilẹ̀ bàbá wa ni," gbólóhùn yẹn nìkan lè gba oko ìran mẹ́ta lọ.

Ẹ gba rìsíìtì lọ́dọọdún. Kí olórí ẹbí onílẹ̀ fọwọ́ sí i, kí àgbà ẹbí méjì mìíràn náà fọwọ́ sí i, kí wọ́n kọ ọdún, ibi tí oko wà àti àwọn tó bá yín pààlà. Rìsíìtì tí ọmọ ẹbí kan ṣoṣo kọ fún yín ní kọ̀rọ̀, wàhálà ni. Ẹ ya fọ́tò ìwé kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tí ẹ gbà á, kí ìkán tó débẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀dì lórí ilẹ̀ oníyanrìn?

Kó fẹ̀ tó mítà 1.2, kí ọwọ́ lè dé àárín láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láìfẹsẹ̀ tẹ inú rẹ̀. Mítà 10 ní gígùn ló rọrùn jù láti fi ṣírò. Nígbà òjò, ẹ gbé e ga tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25, kí àgbàrá má bàa gbá irúgbìn lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ jẹ́ kó wà nílẹ̀, kí ẹ sì mọ etí rẹ̀ sókè díẹ̀, kí omi tí ẹ rù wá má bàa ṣàn sójú ọ̀nà.

Ìgbẹ́ adìẹ kìlógíráàmù 12 sí 24 ló tó bẹ́ẹ̀dì kan. Èyí tó bá ṣì tutù a máa jó gbòǹgbò, nítorí náà ẹ kó o jọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán. Ẹ ki ọwọ́ bọ àárín òkìtì rẹ̀: bó bá ṣì ń gbóná, tó sì ń ta sí imú, kò tíì tó lò. Bó bá ti rí bí iyẹ̀pẹ̀ dúdú tí kò rùn mọ́, ẹ ro ó pọ̀ mọ́ ilẹ̀, ẹ bomi rin ín, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún sí méje.

Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ìdí nìyí tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fi ń fọ́n ọn pọ̀ sójú kan. Ẹ̀kún ṣíbí ìjẹun kan ti tó bẹ́ẹ̀dì mítà 10. Ẹ pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ agolo mílíìkì mẹ́rin, kí ẹ fọ́n ìdajì rẹ̀ ní òòró, kí ẹ fọ́n ìdajì tó kù ní ìbú. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó, kí ẹ sì ká a kúrò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin. Bí imọ̀ bá pẹ́ lórí rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀fọ́ á ga tíńrín, á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á sì wó lulẹ̀ bí oòrùn bá kàn án. Bí èèrà bá ń kó irúgbìn lọ, ẹ wọ́n eérú yí bẹ́ẹ̀dì ká.

Omi mélòó ló tó, kí ló sì dé tí etí ewé fi ń gbẹ bó tilẹ̀ jẹ́ pé à ń bomi rin ín?

Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, bẹ́ẹ̀dì kan ń fẹ́ nǹkan bíi lítà 60 lóòjọ́: kẹ́ẹ̀nì lítà 15 méjì láàárọ̀, méjì nírọ̀lẹ́. Iyanrìn kì í di omi mú, nítorí náà bí ẹ bá da mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan, ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Ẹni tó ní bẹ́ẹ̀dì 40 á ru kẹ́ẹ̀nì 160 lójúmọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ fi ń gbẹ́ kànga kékeré kan fún bẹ́ẹ̀dì mẹ́wàá-mẹ́wàá, tí wọ́n sì ń ri dírọ́ọ̀mù tí wọ́n gé ìdí rẹ̀ bọ inú kànga náà kí iyanrìn má bàa ya wọ ibẹ̀.

Bí etí ewé bá ń gbẹ bí ohun tí iná rà, tí àárín rẹ̀ sì tutù, ẹ tọ́ omi kànga wò. Iyọ̀ ni. Lẹ́bàá ọ̀sà àti òkun, omi dídùn ló léfòó lókè, omi iyọ̀ ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá rò pé kóun tún gbẹ́ kànga jìn sí i ló ń pe iyọ̀ wá. Ẹ dín jíjìn rẹ̀ kù, ẹ rọra máa bu ti òkè, kí ẹ jẹ́ kó sinmi láàárín ọ̀sán. Bí kò bá yí padà, ẹ gbẹ́ òmíràn síbi tó jìnnà sí ọ̀sà. Kí ẹ sì fi koríko gbígbẹ bo ojú bẹ́ẹ̀dì.

Ewédú wa kò hù. Ṣé irúgbìn ti kú ni?

Ó ṣeé ṣe kó má tíì kú. Èèpo irúgbìn ewédú le, omi kì í tètè wọ̀ ọ́. Ẹ di í sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ gbé omi tó ń hó kúrò lórí iná, ẹ ri aṣọ náà bọ̀ ọ́, ẹ ka oókan dé àrún, ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì tì í bọ omi tútù lójú ẹsẹ̀. Ẹ sá a síbòji kí ẹ tó gbìn ín. Bó bá kọjá bíi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá nínú omi gbígbóná yẹn, ẹ ti sè é nìyẹn.

Ṣọkọ ń rọ lọ́sàn-án bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi wà nílẹ̀.

Ẹ hú ẹyọ kan, kí ẹ wo gbòǹgbò rẹ̀. Bó bá ta kókó-kókó bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín, aran kéékèèké tí ojú kò lè rí ló wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbin ṣọkọ àti ewédú léraléra fún ọ̀pọ̀ ọdún ló sábà máa ń ní in, ilẹ̀ oníyanrìn tún bá a lára mu. Ẹ hú gbogbo rẹ̀ tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ẹ sun ún. Ẹ má dà á sórí òkìtì ìgbẹ́. Ẹ ro bẹ́ẹ̀dì náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kí oòrùn lè pa wọ́n, ẹ gbin ẹ̀pà síbẹ̀ fún ìgbà kan, kí ẹ sì fi ìgbẹ́ adìẹ tó jẹrà dáadáa sí i kí ẹ tó padà sórí ẹ̀fọ́.

Oògùn wo la lè fọ́n sí kòkòrò tó ń jẹ tẹ̀tẹ̀?

Kòkòrò tó ń lẹ ewé pọ̀ tó sì ń jẹ ẹ́ láti inú ló wọ́pọ̀ jù. Ewé dóńgóyárò tútù kìlógíráàmù kan, ẹ gún un, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lítà márùn-ún di ọjọ́ kejì, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ yí ọṣẹ díẹ̀ sí i kó lè lẹ̀ mọ́ ewé. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fọ́n ọn, nítorí oòrùn ń pa agbára rẹ̀. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún, àti lẹ́yìn òjò.

Ẹ má fi ọta-píà-píà sórí ẹ̀fọ́. Irú májèlé tó ń jẹ́ dichlorvos ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, NAFDAC sì ti fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ láti 2019. Ẹ̀fọ́ tí aláboyún máa sè lálẹ́ òní ni ẹ ń fọ́n ọn sí.

Ta ló ni owó ẹ̀fọ́: ẹni tó gbìn ín ni àbí ẹni tó tà á?

Nínú ọ̀pọ̀ ìdílé wọ̀nyí, ọkọ ló ni bẹ́ẹ̀dì, ìyàwó sì ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ bí oníbàárà. Èrè tí ìyàwó bá jẹ lórí rẹ̀, tìyàwó ni. Ẹni tó bá fojú ṣeré wo ètò yìí kò mọ ohun tó gbé oko wọ̀nyí dúró: owó ọwọ́ obìnrin yẹn ló ń sanwó ilé ìwé nígbà tí ìkún omi bá gbá oko lọ ní oṣù kẹfà, òun náà ló sì sábà máa ń yá ọkọ lówó irúgbìn. Kí wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀. Owó tí ìyàwó yá oko, gbèsè ni.

Alájàpá tó ti ìta wá máa ń ra bẹ́ẹ̀dì lóòró. Á rìn ín yí ká, á fojú wọ̀n ọ́n, á san apá kan, á padà wá gé e fúnra rẹ̀. Níbí ni ìjà ti ń wá: bí òjò bá ba ẹ̀fọ́ jẹ́ láàárín ọjọ́ tó sanwó àti ọjọ́ tó máa gé e, ta ló jẹ gbèsè? Ẹ sọ ọ́ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ dá ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ gé e pẹ̀lú, nítorí tẹ̀tẹ̀ tó bá ti yọ òdòdó kò níye lórí mọ́.

Fún ọjà Agbalata, afẹ̀mọ́júmọ́ ni kí ẹ ti gé e. Ẹ má da omi sínú àpò. Omi tó há sáàárín ìdì ló ń jẹ́ kó gbóná kó sì rà. Ẹ wọ́n omi sórí àpò láti ìta, kí ẹ tò ó dúró, kí ẹ má tò ó lélẹ̀.

Kí ni títì tí wọ́n ti ibodè kọ́ àwọn ìdílé yìí?

Oṣù kẹjọ 2019 ni wọ́n tì í, oṣù kejìlá 2020 ni wọ́n ṣí ibodè Ṣẹ̀mẹ̀. Ìdílé tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹbí ní Àjàṣẹ́ ló ti ń gba irúgbìn rí i pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Láti ìgbà náà, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ máa tọ́jú irúgbìn tiyín: ẹ fi igi tẹ̀tẹ̀ 20 sílẹ̀, èyí tó pẹ́ jù kó tó yọ òdòdó, kì í ṣe èyí tó kọ́kọ́ yọ ọ́. Ẹni tó bá gba irúgbìn lára èyí tó tètè yọ òdòdó, ẹ̀fọ́ rẹ̀ á máa gbó kíákíá lọ́dọọdún.

Ọmọ tí wọ́n bí síbí, ṣé ọmọ Nàìjíríà ni?

Pé wọ́n bí i síbí nìkan kò tó. Abala 25 ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé ẹni tí wọ́n bí ní Nàìjíríà lẹ́yìn òmìnira, tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀, tàbí ọ̀kan nínú àwọn òbí wọn, bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni. Nítorí pé àwọn ìdílé wọ̀nyí ti ń fẹ́ ọmọ Àgbádárìgì tipẹ́, ẹ̀gbẹ́ ìyá ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ tọ́jú ìwé ẹ̀rí ìbí ìyá àgbà tàbí ìwé ìrìbọmi rẹ̀. Ẹni tí kò ní èyí, tó wá lábẹ́ àdéhùn ECOWAS ọdún 1979, ọjọ́ 90 ló lè gbé láìgba físà; bó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó gba ìwé ìgbélùú.

A ò ní ìwé kankan. Báwo la ṣe lè mọ ọdún tí bàbá-ńlá wa gba ilẹ̀?

Ẹ má bi àgbà léèrè ọdún. Ẹ bi í léèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ṣé pọ́n-ùn àti ṣílè ni wọ́n fi san ìṣákọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ ni àbí náírà? Oṣù kìíní 1973 ni náírà bẹ̀rẹ̀. Ṣé ọwọ́ òsì ni mọ́tò ṣì ń gbà? Oṣù kẹrin 1972 ni wọ́n yí i sí ọ̀tún. Ṣé ó ti wà lóko nígbà tí ìjọba lé àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè kúrò ní Nàìjíríà? Oṣù kìíní 1983 nìyẹn. Bí ẹnu ẹni mẹ́ta tí ẹ bi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bá kò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ àwọn tó sọ ọ́.

Ẹ bi ìdílé onílẹ̀ pẹ̀lú, nígbà tí àlàáfíà ṣì wà. Kí àgbà wọn kan sọ ọ́ fúnra rẹ̀, kí ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ rẹ̀.

Bàbá ti kú. Ṣé kí a pín oko náà ni?

Ẹ má pín ilẹ̀ tí kì í ṣe tiyín. Lójú onílẹ̀, gígé ni. Ohun tí ẹ lè pín ni iṣẹ́ àti èrè. Ìdí-igi, ìyẹn ìyá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, tàbí orí-ò-jorí, ìyẹn kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìpín tirẹ̀ lọ́gbọọgba, ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Fún oko ẹ̀fọ́, orí-ò-jorí ló tọ́ lójú tiwa, kó sì kan ọmọbìnrin, nítorí àwọn ló ń tà á.

Láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ mú ẹni tí ẹ yàn sí ipò bàbá lọ han olórí ẹbí onílẹ̀, pẹ̀lú obì, ọtí àti ìṣákọ́lẹ̀ ọdún náà. Ìdílé tó bá fo ìgbésẹ̀ yìí sábà máa ń gbọ́ lẹ́yìn ọdún mélòó kan pé "bàbá yín la mọ̀, a ò mọ̀ yín."

Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ fún títì tàbí ohun mìíràn ńkọ́?

Òfin ilẹ̀ ọdún 1978, abala 29, fi owó gbà-má-bínú lélẹ̀ fún irè oko, ilé àti ohun tí ẹ fi tún ilẹ̀ ṣe. Owó ohun tí ẹ gbìn àti kànga tí ẹ gbẹ́, ẹ̀yin ló tọ́ sí. Ẹ ka bẹ́ẹ̀dì, ẹ ya fọ́tò pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kí ẹ wà lóko lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá kà á. Bẹ́ẹ̀dì tí wọn kò bá kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ṣòro láti padà kọ ọ́.

Àwọn kan ya wọ oko, wọ́n ní àwọn ti ra ilẹ̀ náà.

Láti 2016, òfin Ìpínlẹ̀ Èkó tó ń dáàbò bo dúkìá sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fi ipá gba ilẹ̀ tí ẹlòmíràn wà lórí rẹ̀. Ẹ má bá wọn jà lóko. Ẹ ya fọ́tò ohun tí wọ́n bàjẹ́, ẹ gba tésàn lọ, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí olórí ẹbí onílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí òun ló lágbára jù láti sọ pé ẹbí kò tà á.

Ẹbí méjì ń bèèrè ìṣákọ́lẹ̀ lórí oko kan náà. Ta ni kí a san án fún?

Ẹbí tó fi yín sórí ilẹ̀ ni kí ẹ máa san án fún. Bí ẹ bá san ti èkejì "nítorí àlàáfíà", rìsíìtì náà lè di ẹ̀rí pé ẹ ti yí onílẹ̀ yín padà, ìyẹn sì ni ẹbí àkọ́kọ́ á fi lé yín. Ẹ má sì sọ fún èkejì pé kò nilẹ̀. Ẹ sọ pé àlejò ni yín, pé ẹ kò sí nínú ẹjọ́ wọn.

Bí wọ́n bá gbé ara wọn dé kóòtù, ẹ ní kí lọ́yà yín bèèrè pé kí ìṣákọ́lẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ kóòtù títí wọ́n á fi dájọ́. Ẹ máa san án lọ́dọọdún, kí ẹ sì máa gba ìwé rẹ̀. Ẹbí yòówù kó jàre, kò ní bá gbèsè lọ́rùn yín.